Fọwọ́ Kàn Án

“Má wò ó. Fọwọ́ kàn án.”

Ọmọbìnrin náà dojú bolẹ̀ lórí pákó inú ọkọ̀ ojú omi náà, ó na ọwọ́ wọ inú ihò tó wà lábẹ́ ìjókòó, títí ìka rẹ̀ fi kan irin tútù. Táàpù ni. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ táàpù náà. Bí ọwọ́ táàpù bá nà tẹ̀ lé páìpù, ó ṣí. Bí ó bá dábùú páìpù, ó tì. Ó dábùú.

“Ó ti tì, Dádì.”

“Sọ ọ́ sókè.”

“Títì!”

“Ó dáa. Ó ku mẹ́ta.”

Ọ̀kan wà lábẹ́ ibi ìfọwọ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tó kẹ́yìn sì wà nínú yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ tó há débi pé bí bàbá rẹ̀ bá wọ ibẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló máa fi jáde. Ọmọbìnrin náà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kígbe ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dìde, eruku ti kùn ún ní ìpéǹpéjú.

“Ìdí ọkọ̀ yìí ní ihò,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Gbogbo ọkọ̀ irú rẹ̀ ló ní i. Ibẹ̀ ni omi tí à ń lò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń gbà jáde. Táàpù wọ̀nyí nìkan ni kò jẹ́ ká lọ sùn sísàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá kẹ́yìn jáde nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kàn wọ́n, kó sì sọ ọ́ sókè. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ojú lè tàn ọ́ jẹ. Ṣé o gbọ́, Igbákejì?”

“Mo gbọ́, sà.”

Igbákejì ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ń dé gbogbo ibi tí ikùn bàbá kò jẹ́ kí tirẹ̀ dé. Orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Olùkọ́ àgbà kan tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e gun àtẹ̀gùn mọ́ ló tà á. Ó ti wà lórí ilẹ̀ lábẹ́ tapólì fún ọdún gbọọrọ, ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà, inú rẹ̀ sì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú bàtà. Ṣùgbọ́n ó ní òpó gíga kan, ìgbòkun méjì, ẹ́ńjìnnì kékeré, àti yàrá tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí bí wọn kò bá ń bá ara wọn jà. Bàbá ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ pé aṣọ àga àti tìmùtìmù ló ń rán jẹun, ti ń sọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n. Nígbà tí ìyá ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ́kọ́ rí i, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Ilé adìẹ lẹ rà,” ni ìyá wí. “Ilé adìẹ tó ní òpó.”

Síbẹ̀, òun ló fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀ títí igi fi ń dán.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ń kọ́ ọkọ̀ náà bí ẹni ń kọ́ ìwà àlejò. Wọ́n ṣí gbogbo àpótí rẹ̀. Wọ́n bá ìtẹ́ ẹyẹ níbẹ̀, wọ́n bá awò ojú tí dígí rẹ̀ kan ti bọ́, wọ́n sì bá okùn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, títí àbúrò ìyá fi fà á tí igi ìgbòkun sì já lu bàbá lórí.

“A ti wá mọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí,” ni bàbá wí, ó ń fọwọ́ ra orí.

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò bínú. Kọ ọ́ sára rẹ̀ kí ẹlòmíràn má tún fà á.”

Mẹkáníìkì ni àbúrò ìyá yìí, Bọ̀ọ̀dá ni ọmọbìnrin náà ń pè é. Ilé iṣẹ́ tó ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ti kógbá sílé, kò sì tíì rí òmíràn. Òun ló tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà palẹ̀. Ó to gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú páálí ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ihò tirẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó dá wọn padà, ó sì fi páìpù tuntun rọ́pò èyí tó ti gbó. Màmá Èbúté, ìyá àgbà tó ni ibùdó tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, dúró lé e lórí lọ́jọ́ kan, ó ń wò ó.

“Ẹni tó lè to nọ́ọ̀tì báyìí, mo lè lò ó,” ni ìyá àgbà náà wí. “Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí bọ́ sórí omi ná. Bí ó bá dúró dáadáa, wá rí mi.”

Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀ọ̀dá ti ń súfèé nídìí iṣẹ́. Gbogbo ilé mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń wá ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Wọ́n gbé ọkọ̀ bọ́ sórí omi, ó dúró dáadáa. Bàbá to tìmùtìmù aláró tó rán sínú rẹ̀. Ó wá ku ìdákọ̀ró àti ṣéènì rẹ̀ nìkan kí wọ́n tó rin ìrìn àjò àkọ́kọ́. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má mú àlejò wọ ọkọ̀ títí ohun gbogbo yóò fi pé.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní ọ̀rẹ́ méjì nílé ìwé. Gíga ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Ẹlẹ́rìn-ín ni ìkejì, àwọn méjèèjì kò sì jẹ́ kó sinmi.

“Ọkọ̀, ọkọ̀, ọkọ̀,” ni Gíga wí. “Láti ìgbà tó o ti ń ròyìn ọkọ̀, ta ló rí i?”

“Bóyá inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó sì fi ẹ̀rín dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọbìnrin náà lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ lọ gbé àga fún oníbàárà, tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó sì mú wọn lọ.

Ó fi òpó hàn wọ́n. Ó fi ibùsùn hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé okùn tó gbá bàbá rẹ̀ lórí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Gíga ní òun fẹ́ tọ̀. Ọmọbìnrin náà, tí orí rẹ̀ ti wú, ṣí táàpù yàrá ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa omi ìta wọ inú àwo láti fi fọ̀ ọ́. Kò tíì pẹ́ tí Gíga jáde níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ohùn Màmá Èbúté lókèèrè, ó ń bá òṣìṣẹ́ kan wí.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni ọmọbìnrin náà wí.

“Dúró ná,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. “Ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń kígbe kẹ́ ẹ tó jáde?”

Ọmọbìnrin náà dúró sórí àtẹ̀gùn. Ó yọ ikùn síta, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó sì sín ohùn bàbá rẹ̀ jẹ.

“Títì! Títì! Títì! Títì!”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rín wó lu ara wọn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àgádágodo sí i, ó sì sá tẹ̀ lé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ohunkóhun àfi àgádágodo yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn gbé ìdákọ̀ró dé èbúté, wọ́n sì bá ọkọ̀ tó ti rì wọ inú omi dé ibi tí kò yẹ. Bàbá ju ṣéènì sílẹ̀, ó sáré. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, tìmùtìmù aláró ń léfòó nínú yàrá, páálí ẹyin ń yí po láàárín wọn.

“Bọ́kẹ́ẹ̀tì!” ni bàbá kígbe. “Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé!”

Bọ̀ọ̀dá bẹ́ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ọmọbìnrin náà fi ẹsẹ̀ wọ́ omi lọ sí yàrá ìgbọ̀nsẹ̀, torí òun ni ibẹ̀ rọ̀ lọ́rùn jù. Ó kúnlẹ̀, omi mù ún dé àyà. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. Ọwọ́ táàpù nà tẹ̀ lé páìpù.

Ó ṣí sílẹ̀. Ó lanu láti pe bàbá rẹ̀. Àsìkò náà gan-an ló gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ó jọ páìpù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ni o. Ẹ jẹ́ n fún ìdè rẹ̀ kó le sí i.”

Ọmọbìnrin náà pa ẹnu dé. Ó yí ọwọ́ táàpù náà kó dábùú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló ti táàpù tí kò sọ ọ́ sókè.

Wọ́n gbọ́n omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè. Omi kò wọlé mọ́.

“Ó ti dúró,” ni ó wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. “Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó dúró nígbà tí mo fún páìpù náà.”

Bàbá fúnra rẹ̀ kan táàpù mẹ́ta tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Wọ́n tì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ tipátipá, ó sì kan èyí tó wà nínú yàrá ìgbọ̀nsẹ̀. Ó tì. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ lo kẹ́yìn jáde lọ́jọ́ tí a to tìmùtìmù. Ṣé o kàn wọ́n?”

“Mo kàn wọ́n, sà.”

Òótọ́ ni. Ó kàn wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n to tìmùtìmù. Bàbá rẹ̀ mi orí, kò sì béèrè mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ló bá wọn fa ọkọ̀ gun orí ilẹ̀. Màmá Èbúté wá síbẹ̀.

“Páìpù ta ni?”

“Tèmi ni, Mà,” ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ìyá àgbà náà wò ó títí. “Ó dáa,” ni ó wí, ó sì yí padà. Kò sọ pé kó wá rí òun mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ Bọ̀ọ̀dá ní Páìpù-ń-jò, gbogbo ibùdó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò bá a wí. Èyí ló burú jù. Ńṣe ló kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ohun tí Bọ̀ọ̀dá bá dè yẹ̀ wò. Ìyá fọ tìmùtìmù, ó sá wọn, ó tún fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n iyọ̀ ti fi àbàwọ́n funfun sí wọn lára.

“Àbúrò mi, o ti ń kánjú láti kékeré,” ni ìyá wí lọ́jọ́ kan, ó ń gbìyànjú láti fi ṣe àwàdà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Nílé ìwé, Ẹlẹ́rìn-ín fa ọmọbìnrin náà lápá.

“Mo gbọ́ pé ọkọ̀ yín mu omi yó. Ṣé òótọ́ ni pé bọ̀ọ̀dá yín ló bà á jẹ́?”

“Òun ni,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bi í pé kí ni aago wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rín in. Nígbà tó délé, Bọ̀ọ̀dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán okùn bàtà ọmọbìnrin náà tó já.

“Gbé ẹsẹ̀ wá ká wò ó,” ni Bọ̀ọ̀dá wí, ó sì kúnlẹ̀ láti fi bàtà náà sí i lẹ́sẹ̀. “Ṣé ó há?”

“Kò há, sà.”

Kò lè wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ sílẹ̀ níwájú òun. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ bọ́ bàtà náà kó sì jù ú nù.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ìyá rẹ̀ ní kó gbé oúnjẹ lọ fún Bọ̀ọ̀dá ní èbúté. Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó tún ti tú páìpù náà. Ó ń yí i lójú oòrùn, ó ń fi èékánná wá ibi tó ti ya lára rẹ̀.

“Ṣé ẹ ti rí i, sà?”

“Rárá.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ká ní mo rí ibi tó ti ya ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Kò ya. Ìdè rẹ̀ kò yẹ̀. Ìyẹn ni pé mo ṣe àṣìṣe, mi ò sì mọ èyí tí mo ṣe. Irú mi kò yẹ kó máa fọwọ́ kan ọkọ̀ tí ọmọ ènìyàn máa wọ̀.” Ó nu páìpù náà. “Ilé ìfọṣọ kan ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn ru ẹrù. Màá lọ bá wọn.”

Ọmọbìnrin náà gbé abọ́ sílẹ̀.

“Kì í ṣe páìpù, Bọ̀ọ̀dá.”

“Kí ló wá jẹ́?”

“Táàpù yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Mo mú àwọn ọ̀rẹ́ mi wá síbí, mo ṣí i, mi ò tì í. Nígbà tí a bá omi nínú ọkọ̀, mo tì í, mi ò sọ.”

“O tì í nígbà wo?”

“Nígbà tí ẹ ń fún páìpù.”

Bọ̀ọ̀dá gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún.

“Gbogbo ìgbà tí mo fi ń tú páìpù yìí, o mọ̀?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Wọ́n ń pè mí ní Páìpù-ń-jò létí rẹ, o mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Mo ń rán bàtà rẹ.”

Bí ilẹ̀ bá lanu lásìkò náà, inú rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ì bá kó sí. Ó ń retí kí Bọ̀ọ̀dá pariwo mọ́ òun, kò pariwo. Ńṣe ló nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

“Lọ sọ fún bàbá rẹ,” ni ó wí. “Mi ò ní bá ọ sọ ọ́.”

Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tán kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Mo bi ọ́ bóyá o kàn wọ́n.”

“Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a to tìmùtìmù lẹ bi mí, Dádì. Mo kàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn.”

“Ṣé o mọ ohun tí mò ń béèrè?”

Ó tẹ orí ba. “Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Wọ bàtà rẹ.”

Bàtà tí Bọ̀ọ̀dá rán ló wọ̀. Bàbá mú un lọ sí ibùdó lákòókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun, tí gbogbo wọn jókòó sórí pákó lábẹ́ òjìji ọkọ̀ ńlá kan. Màmá Èbúté wà láàárín wọn.

“Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ náà ni wàá ti sọ̀rọ̀,” ni bàbá wí. Ó dúró sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Sọ ọ́ sókè,” ni Màmá Èbúté wí. “Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.”

Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, sókè. Ó sọ nípa kọ́kọ́rọ́, nípa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, nípa bí òun ṣe fi igbe náà ṣe yẹ̀yẹ́, nípa bí òun ṣe yí táàpù náà padà lábẹ́ omi, tí òun sì pa ẹnu mọ́. Òṣìṣẹ́ tó sọ Bọ̀ọ̀dá ní Páìpù-ń-jò dáwọ́ jíjẹ dúró, ó ń wo inú abọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

“O ṣeun tó o wá,” ni Màmá Èbúté wí nígbà tó parí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá. “Mo ti gba ẹlòmíràn. Àná ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ lòun náà, mi ò lè lé e lọ nítorí pé ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí òótọ́. Bí àyè bá tún ṣí, ẹsẹ̀ mi ni màá fi rìn wá sílé yín wá pe mẹkáníìkì yẹn.” Ó wá wo ọmọbìnrin náà. “Ká ní o ti wá ṣáájú àná ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọmọbìnrin náà gbé relé. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá ti mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti lọ. Bọ̀ọ̀dá lọ ru ẹrù ní ilé ìfọṣọ, ó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó.

Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Bàbá kọ̀ láti rán tìmùtìmù mìíràn. “Aṣọ náà kò ya,” ni ó wí. “Ẹ jókòó lé e.” Gbogbo ìgbà tí ọmọbìnrin náà bá jókòó, àbàwọ́n funfun náà wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní Igbákejì mọ́, òun náà kò sì béèrè ìdí.

Ọjọ́ ìrìn àjò àkọ́kọ́ dé. Afẹ́fẹ́ dára, ìgbòkun kún, ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé adìẹ yìí mọ̀ ọ́n rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù jáde. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ni yóò kan táàpù?”

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó lọ, Ẹ̀gbọ́n,” ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ó dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó na ọwọ́ wọ inú òkùnkùn. “Títì!” ni ó kígbe. Kó tó dìde, ọwọ́ mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó sì kan irin kan náà. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti ibi ìfọwọ́, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti ẹ́ńjìnnì.

Ó yé ọmọbìnrin náà pé yóò pẹ́ kí ọwọ́ yẹn tó dẹ́kun títẹ̀ lé tòun, àti pé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn. Ohun mìíràn náà yé e, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí mú lọ. Àṣìṣe ni pé kò ti táàpù. Ká ní ó lanu nígbà tó ṣì kúnlẹ̀ nínú omi, ìbáwí ọjọ́ kan ni ì bá gbà, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi dákẹ́, ẹlòmíràn ló ń jẹ ìyà rẹ̀, nígbà tó sì sọ òótọ́, òótọ́ náà kò lè dá gbogbo nǹkan padà. Bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dára, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ sì sọ ọ́ sókè.

Ó wọ yàrá ìgbọ̀nsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kan táàpù tó kẹ́yìn.

“Títì!”

Kò yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi í síbẹ̀ lórí irin tútù náà, ó ń dúró de ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá.